Asẹ́ àti Olùtọ́jú Rẹ̀: Ìtàn Omi Mímu ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé bí sòbìyà yóò bá degbò, Olúgànbe là á ké sí. Òwe náà ti pẹ́ lẹ́nu Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń pa á lónìí kò fojú kan sòbìyà rí. Ohun ayọ̀ ni èyí. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn náà, tó máa ń gba ẹsẹ̀ àgbẹ̀ yọ jáde ní àkókò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù, ti di ìtàn ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Inú omi mímu ni àwọn ènìyàn ti ń kó o. Kò sí oògùn tó ń pa á nínú ara, bẹ́ẹ̀ ni kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà rẹ̀. Lára ohun tó lé e lọ, ọ̀kan tó rọrùn jù lọ ni asẹ́: aṣọ tí a ta sẹ́nu ìkòkò, tí a sì da omi gbà.

Lóde òní, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ káàkiri àgbáyé ń sọ̀rọ̀ nípa asẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní membrane. Awọ tín-ín-rín ni, ihò ara rẹ̀ sì kéré débi pé kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí kò ráyè gbà á kọjá. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ti fi í kún ilé-iṣẹ́ omi wọn. Ó ṣeé ṣe kí irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ wúlò fún Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ná owó ìlú lé e lórí, ó yẹ kí a gbọ́ ohun tí ìtàn omi ìlú méjèèjì ń sọ: agbára asẹ́ kì í ju agbára ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ.

Ogun ló sọ ìlú méjèèjì di ìlú ńlá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà ní àwọn ọdún 1830, ó sì kó ènìyàn wá láti àwọn ìlú àyíká kí ibẹ̀ lè kún. Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀ ti wà tipẹ́ lábẹ́ àwọn Ṣọ̀ún, ṣùgbọ́n ogun Fúlàní tí kò ṣẹ́gun rẹ̀ ló sọ ọ́ di ibi ìsádi fún àwọn tí ìlú wọn ti parun. Ibi tí ààbò wà ni àwọn ènìyàn sá wọ̀. Ẹni tí ogun ń lé kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá omi ibi tó ń lọ yóò tó òun mu.

Omi náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ tó. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni agbègbè náà, ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ gùn, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké a sì gbẹ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ibi gbogbo ni kànga ti ń pọ̀ lómi. Obìnrin àti ọmọdé ló ń ru ẹrù yìí lórí. Wọn a jí ní kùtùkùtù lọ pọnmi, wọn a dà á sínú àmù, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó tòrò. Ẹlòmíràn a fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí ìdọ̀tí tó wúwo yóò rì sísàlẹ̀, ewé àti pàǹtí yóò sì dúró sórí aṣọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú ni a fi ń mọ omi tó dára, bẹ́ẹ̀ omi lè mọ́ lójú kí ikú sì wà nínú rẹ̀.

Ó pẹ́ kí àwọn òyìnbó náà tó mọ èyí. Ní ọdún 1829, James Simpson kọ́ àwo yanrìn ńlá kan fún ilé-iṣẹ́ omi Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù, kí omi odò Thames lè mọ́ lójú. Kò sí ẹni tó tíì mọ̀ nígbà náà pé yanrìn yẹn ń mú àrùn kúrò pẹ̀lú. Ọdún 1892 ni ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba, ní ìlú méjì ní Jámánì tí wọ́n fara kanra, Hamburg àti Altona. Odò Elbe kan náà ni àwọn méjèèjì ń mu. Hamburg ń fa omi rẹ̀ láì sẹ́ ẹ. Altona wà nísàlẹ̀ odò, níbi tí ẹ̀gbin Hamburg ti ń ṣàn bọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba omi tirẹ̀ kọjá nínú yanrìn. Nígbà tí àrùn onígbáméjì dé, ó pa ju 8,000 ènìyàn lọ ní Hamburg. Àwọn tó kú ní Altona kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò, tó ń gba ìdọ̀tí aládùúgbò, ni asẹ́ yọ nínú ewu.

Ẹ̀kọ́ yìí ni ìjọba amúnisìn gbé wá sí etíkun, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Nígbà tí wọ́n gbèrò àtikọ́ ilé-iṣẹ́ omi Ìjù fún Èkó, àwọn ará ìlú rò pé owó omi àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n fẹ́ kí àwọn san. Ní ọdún 1908, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, dókítà John Randle àti Orísàdípẹ̀ Ọbásá sì dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó náà. Ìbéèrè tí wọ́n béèrè nígbà náà kò tíì kúrò nílẹ̀: ta ni yóò mu omi náà, ta ni yóò sì sanwó rẹ̀? Abẹ́òkúta ní ilé-iṣẹ́ omi tirẹ̀ ní ọdún 1914. Ìbàdàn dúró títí di ọdún 1942 kí wọ́n tó sé odò Ọnà ní Ẹlẹ́yẹlé. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń wò.

Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló mú omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Wọ́n kọ́ dáàmù Erelú sórí odò Àwọ̀n fún Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí ọdún 1961. Ní ọdún 1964, nígbà tí Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ́ olórí ìjọba ẹkùn náà, wọ́n sé odò Ọbà fún Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ odò yẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìtàn Ṣàngó, nítorí ìtàn sọ pé aya Aláàfin náà ni Ọbà kí ó tó di odò. Fún ìran tó ti ń fi orí ru omi láti ìgbà Àtìbà, ohun ìyanu ni pé kí ènìyàn yí ọwọ́ ẹ̀rọ kí omi sì tú jáde.

Iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́yìn ọwọ́ ẹ̀rọ náà kò jìnnà sí ti àmù, àfi pé ó tóbi, ó sì ní ìlànà. Pọ́ńpù yóò fa omi adágún. Wọn yóò da álọ́ọ̀mù sí i, kí ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ lè so mọ́ra wọn. Wọn yóò jẹ́ kí ó rọlẹ̀ nínú agbada ńlá, lẹ́yìn náà omi yóò gba inú yanrìn kọjá. Ní ìgbẹ̀yìn, wọn yóò fi kilorínì pa kòkòrò tó bá ṣẹ́kù, pọ́ńpù mìíràn yóò sì tì í sínú ọ̀pá tó lọ sílé àwọn ènìyàn. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbára lé èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí álọ́ọ̀mù bá tán, yanrìn yóò dí. Bí a kò bá fọ yanrìn, kilorínì yóò pòórá sínú ìdọ̀tí kí ó tó pa kòkòrò. Bí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ dúró.

Ìdúró yẹn ló wá di àṣà ní ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà. Àwọn ìlú ń gbòòrò, ilé-iṣẹ́ omi wọn kò sì gbòòrò tó wọn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí a fi orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá pè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ìlú tí wọ́n kọ́ dáàmù rẹ̀ ní ọdún 26 ṣáájú. Iná mànàmáná kò dúró sójú kan, epo dísù wọ́n, àwọn ọ̀pá tó wà nínú ilẹ̀ sì ń gbó. Ìṣirò àjọ ìlera àgbáyé WHO àti UNICEF fi bí ó ṣe rí ní gbogbo orílẹ̀-èdè hàn: ní ọdún 1990, 32 nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú ńlá ní Nàìjíríà ló ní omi ẹ̀rọ nínú ọgbà ilé wọn, nígbà tó fi máa di ọdún 2015, ó ti lọ sílẹ̀ sí 3. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari kéde pé ọ̀rọ̀ omi ti di pàjáwìrì.

Ewu kan wà nínú omi ẹ̀rọ tó ń wá tó ń lọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí. Nígbà tí omi bá kún ọ̀pá, tó sì ń tì pẹ̀lú agbára, ibi tí ọ̀pá bá ti lu, omi ni yóò máa tú jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá dá, tí inú ọ̀pá ṣófo, ihò yẹn kan náà yóò máa fa omi gọ́tà àti ti ṣáláńgá tó wà nítòsí wọlé. Bí omi bá padà dé, yóò gbé ẹ̀gbin yẹn lọ sílé oníbàárà. Omi tó jáde ní ilé-iṣẹ́ ní mímọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ di májèlé kí ó tó dénú ife.

Nígbà tí omi ẹ̀rọ ìlú ń dínkù báyìí, asẹ́ mìíràn ń ṣe iṣẹ́ ńlá ní àwọn abúlé. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìyà ń bá jà ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ka iye tó tó bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára ibi tó ti ń pọ́n àwọn àgbẹ̀ lójú. Àrùn náà ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń gbà wọlé. Ẹni tí sòbìyà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yóò wọ inú adágún, kòkòrò náà yóò tú ọmọ sínú omi, eṣinṣin omi tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ yóò gbé àwọn ọmọ náà mì, ènìyàn yóò sì bu omi yẹn mu. Eṣinṣin omi yẹn ṣe é fi aṣọ sẹ́. Aṣọ náílọ́ọ̀nù tí ihò rẹ̀ dọ́gba, tí kì í tètè dí, ni iléeṣẹ́ Carter àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ pín fún àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ọ̀pá kékeré tó ní asẹ́ nínú, tí àgbẹ̀ lè fi kọ́rùn lọ sóko.

Aṣọ nìkan kọ́ ló ṣẹ́gun. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n yan ẹnìkan tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí ó wo asẹ́ bóyá ó ti ya, kí ó pààrọ̀ èyí tó bá ya, kí ó kọ orúkọ ẹni tí sòbìyà yọ lára rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì rí i pé onítọ̀hún kò tẹ ẹsẹ̀ bọ adágún. Láti ọdún 1999, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè rí, ń lọ láti abúlé dé abúlé láti bá àwọn ìjòyè àti àwọn olórí ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni ìkẹyìn tí wọ́n rí ní Nàìjíríà jẹ́ ti ọdún 2008. Ní ọdún 2013, àjọ WHO jẹ́rìí pé àrùn náà ti kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí. Asẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ṣe ohun tí àwọn iṣẹ́ olówó ńlá kò rí ṣe, nítorí pé olúkúlùkù asẹ́ ní ẹni tó ń bojú tó o.

Síbẹ̀, aṣọ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kòkòrò onígbáméjì kéré jù fún un. Àrùn yìí wọ Nàìjíríà ní òpin ọdún 1970, ní ọdún 1991 nìkan ó sì pa ju 7,000 ènìyàn lọ. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, kòkòrò náà kò gùn ju ìpín méjì sí mẹ́ta lọ. Irú rẹ̀ ni asẹ́ awọ tòde òní wà fún.

Ìtàn asẹ́ awọ yìí gùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Richard Zsigmondy, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Göttingen ní Jámánì, ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń fi í ṣàyẹ̀wò omi mímu láti mọ̀ bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan ní Yunifásítì California ṣe irú kan tó lè yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun. Àjàkálẹ̀ kan ló sì mú kí àwọn ìlú ńlá yára lò ó: ní ọdún 1993, kòkòrò kan tí kilorínì kò lè pa gba ilé-iṣẹ́ omi Milwaukee ní Amẹ́ríkà kọjá, nǹkan bí 400,000 ènìyàn sì ṣàìsàn. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìlú gbà pé ohun tí kilorínì kò lè pa, ó yẹ kí asẹ́ dá a dúró.

Nínú irú èyí tí ilé-iṣẹ́ omi ń lò, awọ náà máa ń wà ní ìrísí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ihò láàárín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán nínú ọ̀pá kan. Omi yóò wọlé, ìdọ̀tí àti kòkòrò yóò kù sẹ́yìn. Fún adágún tí koríko omi àti ewéko aláwọ̀ ewé ń yọ lẹ́nu, tí ẹrẹ̀ ń kún nítorí oko àti ilé tó sún mọ́ etí rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tòótọ́ ni. Kò gba ilẹ̀ púpọ̀, omi tó ń jáde níbẹ̀ kì í sì yí padà nígbà tí odò bá dàrú lásìkò òjò.

Ṣùgbọ́n asẹ́ yìí le ní títọ́jú ju yanrìn lọ. Yanrìn tí a kò fọ̀ lọ́jọ́ méjì ṣì wúlò. Asẹ́ awọ fẹ́ kí a máa tì omi padà gba inú rẹ̀ lójoojúmọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, kí ìdọ̀tí lè ṣí kúrò. Ó fẹ́ kẹ́míkà tí a ó fi wẹ̀ ẹ́ látìgbàdégbà, iná tí kì í lọ, àti ẹni tó mọ bí a ṣe ń wá fọ́nrán tó ti já. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a ó ra tuntun, owó òkèèrè ni a ó sì fi rà á. Kò sì fi kilorínì sílẹ̀ nínú omi. Bí ọ̀pá bá lu lójú ọ̀nà, omi tó ti mọ́ yóò tún dìbàjẹ́.

Ìlú kan ní Áfíríkà fi bí ó ṣe yẹ kí ó rí hàn. Windhoek, olú-ìlú Namibia, wà ní ilẹ̀ gbígbẹ. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń sọ omi tí a ti lò di omi mímu padà. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun ní ọdún 2002, wọ́n fi asẹ́ awọ sí i, ṣùgbọ́n ìparí iṣẹ́ ni wọ́n fi í sí. Omi ti kọ́kọ́ kọjá nínú kẹ́míkà tó ń kó ìdọ̀tí jọ, nínú yanrìn, àti nínú èédú kí ó tó dé ibẹ̀. Ọdún 34 ni wọ́n ti fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbé asẹ́ olówó ńlá lé wọn lọ́wọ́.

Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, asẹ́ òde òní ti wọ̀lú tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ó gbà wọlé. Àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní píọ̀-wọ́tà, ń fi asẹ́ kéékèèké sẹ́ omi kànga-dẹ̀rọ wọn, àwọn mìíràn sì ní èyí tó ń yọ iyọ̀ pàápàá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, nítorí bí omi wọn bá burú, ọjà wọn kò ní tà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó ní owó nìkan ni asẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́ fún. Ìyá tó ń ra omi ní ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ń san owó tó pọ̀ fíìfíì lórí lítà kan ju ohun tí omi ẹ̀rọ ìlú ì bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá rí i rà yóò padà sídìí kànga tí kò jìnnà sí ṣáláńgá. Lójú ìyẹn, ọ̀rọ̀ 1908 ṣì wà láàyè.

Nítorí náà, bí ìjọba tàbí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun bá fẹ́ gbé asẹ́ awọ wá sí Erelú tàbí sí Ọbà, ìtàn ti to iṣẹ́ náà léraléra fún wọn. Ilẹ̀ tó yí adágún ká ni a ó kọ́kọ́ dáàbò bò, kí ẹrẹ̀ àti ẹ̀gbin má baà kún un. Iná tó dúró yóò tẹ̀ lé e, bóyá ti oòrùn bóyá ti ìlú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá, kí omi lè máa wà nínú rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Lẹ́yìn èyí ni owó omi tí tálákà lè san, tí wọn yóò sì rí ohun tí a fi í ṣe. Ìgbà náà ni asẹ́ tuntun yóò ní ibi tí yóò jókòó sí.

Ìwé àdéhùn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń sọ iye owó ẹ̀rọ àti ọjọ́ tí a ó ṣí i. Ó tọ́ kí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ béèrè fún ojú ìwé mìíràn: èyí tó sọ ẹni tí yóò fọ asẹ́ náà ní ọdún kẹwàá, ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́, àti àpò tí owó oṣù rẹ̀ yóò ti jáde. Àwọn ará abúlé tó lé sòbìyà lọ ní ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí kí wọ́n tó gba aṣọ náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Wọ́n mọ orúkọ ẹni náà, wọ́n sì mọ ilé rẹ̀.